Oríkì Tí Ìyá Àgbà Fi Pamọ́ Dè Mí

Nígbà tí mo wà lọ́mọ kékeré ní Moss Side, ní ìlú Manchester, bọ́ọ̀sì tó ń gba Princess Road kọjá ni aago ilé wa. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti kọjá, tí gíláàsì fèrèsé sì gbọ̀n, Màmá á sọ̀ kalẹ̀ lọ tan sítóòfù kẹrosíìnì tó wà ní pálọ̀, a ó sì máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró yẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí ìlú yìí láyé ọjọ́un, ẹ ò ní gbàgbé òórùn kẹrosíìnì. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń bá wa dé ilé ìwé. Kí ọmọ tuntun kan tó lanu sọ orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, imú wa ti mọ̀ bóyá ọmọ ilé wa ni.

Lẹ́yìn iná ni ìpè. Ẹ̀gbọ́n mi Wálé ni Màmá máa ń kọ́kọ́ pè. "Àjàní, dìde o. Àjàní ọkọ mi." Wálé á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè. Bó bá wá kan èmi, Màmá á ní, "Yẹ́misí, dìde." Ó tán. Bí ẹni da omi tútù síni létí ló máa ń rí. Àbúrò wa Bísí náà kò ní ju orúkọ kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n Bísí kéré, oorun nìkan ló mọ̀. Èmi mọ ohun tí wọn ò fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ìdílé bàbá mi ní Ṣakí, ìyá àgbà ló ń fún ọmọ ní oríkì. Bàbá lè sọ orúkọ, ìyá lè sọ orúkọ, ará àdúgbò pàápàá lè sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n oríkì yẹn, ìyá bàbá ni yóò gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tí yóò wò ó lójú dáadáa, kó tó sọ ọ́ sí i létí. Wálé gba tirẹ̀ nítorí pé Ṣakí ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló sì wà títí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, kí ẹnì kan tó mú un wá bá wa. Èmi ní tèmi, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí, ní Ṣíkágò, nígbà tí Bàbá ń kàwé níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí iṣẹ́ gbé Bàbá wá sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Manchester. Ibí ni wọ́n sì bí Bísí sí.

Nígbà tí wọ́n bí mi, Bàbá kọ̀wé sílé pé kí ìyá òun fi oríkì ọmọ ránṣẹ́. Ìyá Àgbà kò mọ̀ ọ́n kọ, ìbátan wa kan tó jẹ́ tíṣà ló máa ń bá a kọ̀wé. Lẹ́tà yẹn wà nínú àpótí Bàbá títí mo fi dàgbà tí mo kà á fúnra mi. Tíṣà náà kọ ọ́ pé Ìyá ní oríkì ọmọ kì í gba inú bébà kọjá, etí ọmọ ló ń gbà wọlé. Ó ní òun ti ní i lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá.

Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà kan tí Màmá ní kí òun kúkú máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ ná, kó lè dùn mọ́ mi, Bàbá ní rárá. Ó ní, "Ìyá mi wà láyé, ó sì ní ti ọmọ yìí lẹ́nu. Ẹnu ta ni a ó wá gbà á?" Bí a ṣe ń retí ìrìn-àjò ilé nìyẹn. Lọ́dọọdún ni Bàbá máa ń ní, "Ọdún tó ń bọ̀."

Ìgbésí ayé wa dùn, kí ẹ má rò pé ẹkún ni mo fi dàgbà. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti Wálé la máa ń kó aṣọ ilé sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ tí Bísí ti dàgbà jù, tí a ó tì í lọ sí ilé ìfọṣọ. Bí a bá ń bọ̀, aṣọ á ti gbóná bíi búrẹ́dì, a ó sì máa jà lórí ẹni tí yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà la ti máa ń ra iṣu, ata rodo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìrẹsì lílọ̀ ni Màmá fi ń ro òkèlè wa, ó funfun báláú, ó sì le dé ibi pé Wálé máa ń ní ó ṣeé fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tó dán an wò, tó ju òkèlè kan lu ògiri ilé ìdáná, Bàbá ní kó fi ìka kan kanlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí èmi náà wá bá a ṣe é. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ bí ẹyẹ àkọ̀, tí Bísí ń lọ tí ń bọ̀ lábẹ́ wa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, mo kúnlẹ̀ kí tíṣà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Obìnrin náà rò pé mo ṣubú ni. Ó gbé mi dìde. Mo tún kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ pé ó gbé mi dìde. A ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó jọ̀wọ́ mi sílẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Màmá pé bóyá orúnkún mi kò lágbára.

Wálé ló ń sọ̀rọ̀ ilé fún wa. Bí a bá ti ń ṣeré ten-ten lórí pèpéle iwájú ilé, á máa sọ bí Ìyá Àgbà ṣe ń ta ẹ̀kọ láàárọ̀, bí àgbàlá ṣe tóbi, bí òun ṣe ń gun ewúrẹ́. Bí mo bá ní irọ́ ni, á ní, "Kí lo mọ̀, ìwọ tí Ìyá Àgbà ò rí rí? Ìwọ tí o ò ní oríkì." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi dé ìdí ọkàn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí mo fi ń dá a lóhùn ni ìwé ìrìnnà mi. Wálé àti Bísí, inú páásípọ́ọ̀tù Màmá ni fọ́tò wọn wà. Èmi nìkan ni mo ní tèmi lọ́tọ̀, ti Amẹ́ríkà, tó ní àwòrán ẹyẹ idì lára. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bùọ̀dá Wálé, ẹ̀yin ni ẹ ń fi ìwé Màmá rìn. Èmi ní ìwé tèmi."

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni "ọdún tó ń bọ̀" dé lóòótọ́. Lẹ́tà kan dé láti ilé pé ara Ìyá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí àwọn ọmọ òun. Bàbá ò tíì fojú kan ìyá rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa, a ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ọlidé ilé ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi oríkì dán ara mi wò níwájú dígí. Mo ń ní, "Àdùkẹ́, dìde." Mo ń ní, "Àyìnkẹ́, dìde." Mo fẹ́ mọ èyí tó bá ojú mi mu.

Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò, Màmá ní òun fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ tún páásípọ́ọ̀tù òun ṣe, òun á sì kúkú fi fọ́tò tèmi náà kún ti àwọn ìyókù, kí ìwé wa lè wà lójú kan. Ẹ wò ó, ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà nìyí. Mo sunkún. Mo sun irú ẹkún tí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ máa ń sun. Ojú Wálé ni mo ń wò. Bí wọ́n bá fi mí sínú ìwé Màmá, kí ni mo tún fẹ́ fi yangàn? Bàbá tó ń nu bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ gbójú sókè, ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ní ìwé tirẹ̀, ìwé tó dáa ni." Màmá dá fọ́tò mi padà sínú àpò.

Ẹnì kan kìlọ̀ fún wa. Bàbá Ṣọlá, ará ìlú wa kan tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní ilé kẹta sí wa, wá kí Bàbá ní ọjọ́ Àìkú kan. Ìrẹsì àti dòdò wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gba físà fún ọmọ Amẹ́ríkà yìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Físà kẹ̀? Láti lọ sílé bàbá rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń béèrè ni o."

"Jẹun rẹ, jàre. Ṣé àlejò lọmọ mi ní Ṣakí ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí Bàbá Ṣọlá, òun náà sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó jẹun rẹ̀. Mo ti ń rò ó láti bí àádọ́ta ọdún, mi ò sì tíì lè bínú sí Bàbá. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ kó tún un tò padà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó gbà pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, báwo ló ṣe máa wá sí i lọ́kàn pé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè kó tó wọ ilé?

Ọjọ́ pé. Aṣọ kan náà ni Màmá rán fún èmi àti Bísí, aláwọ̀ ewé, ó le gbandi nítorí sítáàṣì. Bàbá Ṣọlá àti ìyàwó rẹ̀ bá wa kó ẹrù dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kò le mọ́ wa rárá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wo ìwé Bàbá, ó wo ti Màmá, ó ka orí Wálé àti Bísí. Ó wá ṣí tèmi. Ó ṣí i títí dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ó béèrè ibi tí físà wà.

Bàbá ṣàlàyé fún un lédè òyìnbó pé òun ni bàbá ọmọ náà, pé ilé òun ló ń lọ. Ọmọbìnrin náà gbọ́. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ọmọ tí ìwé Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí físà, torí wọ́n máa dá a padà láti Èkó ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń gba físà, ọkọ̀ sì fẹ́ gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe irú èyí tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Bàbá yọ fìlà. Mi ò tíì rí i kó yọ fìlà níta rí. Ó dúró, ó mú un lọ́wọ́.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Wálé, ẹ máa lọ. Màmá yín ni. Èmi á dúró tì í."

Bàbá ní, "Inú ìwé rẹ làwọn ọmọ yòókù wà. Bó o bá dúró, gbogbo wọn ló dúró."

Ìyàwó Bàbá Ṣọlá ní kí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ayérayé, òun á máa tọ́jú mi bí ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọ̀pọ̀ òbí láyé ìgbà yẹn ló ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo di ẹ̀wù Bàbá mú nídìí. Bàbá wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé sí ọkọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é. Mi ò ní fi í sílẹ̀." Ó bu ọwọ́ lé Wálé léjìká. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá òun dáadáa, kó sọ fún un pé òun ń bọ̀.

Mo mọ̀ nígbà yẹn, bí mo ṣe kéré tó, pé bí fọ́tò mi bá wà nínú ìwé Màmá ni, a ì bá jọ wọkọ̀, pé ẹkún mi ni kò jẹ́ kó wọ ibẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ jáde. Màmá náà mọ̀ ọ́n. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò, títí ó fi kú kò sọ ọ́. Ìbá kúkú nà mí.

Bọ́ọ̀sì gbé èmi àti Bàbá láti pápá ọkọ̀ òfurufú, ó gba àárín Wythenshawe kọjá, ó já sí Princess Road. Orí àjà òkè la jókòó sí. Báàgì mi wà lórí itan mi, aṣọ sítáàṣì yẹn ń gún mi lọ́rùn. Bàbá ní kí n wò ó, pé òjò ti dá. Ohun tó sọ nìyẹn títí a fi délé.

Àwọn ẹgbẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, bí ẹ bá ní kí n yan ìgbà kan padà nínú ayé mi, bóyá òun ni màá yàn, tòun ti ẹ̀dùn rẹ̀. Bàbá kò mọ oúnjẹ sè. Ìrẹsì rẹ̀ máa ń jóná nísàlẹ̀, kó tutù lókè, á wá ní ti abẹ́ ìkòkò ni ìyá òun máa ń fi pamọ́ fún òun, òun ló dùn jù. Ó di irun mi. Ó dì í bí ẹni tó ń so ìtì igi. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn àsìkò yẹn kò sì tíì wọ̀, a ó jókòó sórí pèpéle, á máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Bí ó ṣe kéré lára tó sì máa ń rìn kíákíá. Bí ó ṣe máa ń bá ẹ̀kọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bí ó ṣe máa ń fi oríkì pe òun tí òun bá ń ṣàìsàn, títí ara òun á fi yá. Mo gbọ́ oríkì Bàbá lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Àkànní ni. Ó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn obìnrin, ojú sì tì í, ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ò lè fún mi ní tèmi?"

Ó ní, "Ìyá mi ní ohun tó fẹ́ pè ọ́. Bí mo bá fún ọ ní òmíràn, bí ìgbà tí mo ní kò ní rí ọ mọ́ ni." Ó ní ọdún tó ń bọ̀, òun á lọ gba físà náà fúnra òun, kódà bí wọ́n bá ní kí òun sùn sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Àwọn tó lọ dé. Wálé ti dúdú, ó ga sí i. Bísí dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí, ó ń fọ Yorùbá bí àgbàlagbà, ó sì dé pẹ̀lú oríkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kọjá, gíláàsì gbọ̀n, mo gbọ́ tí Màmá ní, "Àṣàkẹ́, dìde, Àṣàkẹ́ mi." Èmi ló kàn. Màmá wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fọwọ́ pa mí lórí, kò pè mí ní ohunkóhun.

Òun ló sọ fún mi, nígbà tí mo ti dàgbà díẹ̀, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dé Ṣakí. Orí àpótí ni Ìyá Àgbà jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Màmá bọ́ sílẹ̀, Wálé bọ́ sílẹ̀, Bísí bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, gbogbo agbo ilé ń kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó ṣì ń wo ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èèyàn méjì ṣì kù nínú mọ́tò."

Ìyá Àgbà kú kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Bàbá nìkan ló lọ sìnkú, òun ni àkọ́bí. Ó padà dé, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó jẹun rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa mí lórí bó bá ń kọjá lẹ́yìn àga mi, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. Èmi ni ìbá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó dé Ṣakí. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Mo gba físà mi, mo wọ ilé bàbá mi. Àbúrò Bàbá obìnrin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Mi ò jẹ́ kí omi tí wọ́n bù fún mi pẹ́ lọ́wọ́ kí n tó béèrè. Mo ní, ṣé Ìyá sọ oríkì mi fún ẹnikẹ́ni? Ó ní àwọn bi í. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ le, gbogbo wọn rọ̀gbà yí i ká, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ti ọmọ Ṣíkágò sílẹ̀, kó má bàa bá a lọ. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní, "Ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ẹni tó ni ín ń bọ̀."

Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n sin ín sí nínú ọgbà. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, Wálé ò purọ́ púpọ̀. Mo jókòó pẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé màá gbọ́.

Ayé ti yí. Wythenshawe ni mò ń gbé báyìí, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú kan náà, mo sì ti fẹ̀yìntì. Àwọn ọmọ tó ń dé láti Èkó àti Ògùn, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, inú fáìlì ni wọ́n ń kó ìwé wọn sí, wọ́n mọ òfin físà ju àdúrà owúrọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò ṣe irú àṣìṣe Bàbá mi mọ́, mo sì ń dúpẹ́ fún wọn. Láyé tiwa, lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn ìyá àgbà kò sì sí níbì kankan àfi ní ẹnu rẹ̀. Lónìí, ọmọ ọjọ́ kan ń rí ojú ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ilé, òkèlè kì í le mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ kan dúró nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa ṣì ń wí pé, "Ọdún tó ń bọ̀."

Ṣèyí ń gbé ní ojúlé tó kọjú sí tèmi. Ó bímọ obìnrin lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo lọ kí i, mo bi í pé kí ni oríkì ọmọ. Ó ní, "Màmá, màmá mi ló ní i lẹ́nu, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọba ibí ò tíì fún wọn ní físà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ ọ́, a ti tún un béèrè. Màmá mi ní tí àwọn bá dé ni àwọn máa sọ ọ́."

Mo ní kó pe ìyá rẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó pè é. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi láti inú fóònù, torí mo jù ú lọ díẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ báyìí." Ó ní ah, Màmá, òun fẹ́ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ẹ ó tún gbé e lé ẹsẹ̀ tí ẹ bá dé, ẹ ó tún un sọ, kò sí oríkì tí wọ́n kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ó nu ojú rẹ̀. Ṣèyí gbé fóònù sí etí ọmọ.

"Àmọ̀kẹ́," ni obìnrin náà wí. "Àmọ̀kẹ́ o. Àmọ̀kẹ́ mi."

Ohùn rẹ̀ ń já, ó tún ń so. Ọmọ náà yí orí sí i.

Nígbà tí ó pa fóònù, Ṣèyí bu omi fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni oríkì tiyín, kí n máa fi pè yín?"

Mo ní, "Ìyá bàbá mi ló mọ̀ ọ́n."

Ó ní kí n pe oríkì náà kí òun gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé èmi náà ì bá fẹ́ gbọ́ ọ.